Ọdún méjì pẹ̀lú msmtp: bí mo ṣe ń fi script rán ímeèlì tó ní "kíákíá" lára

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ iṣẹ́ tí mo ń fi nǹkan yìí ṣe, kẹ́ ẹ lè mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ mi kàn yín. Àbúrò màmá mi kan wà n'Ìbàdàn tó ń ta ẹja tútù, Àǹtí la máa ń pè wọ́n, fírísà ńlá mẹ́rin ló wà nínú ṣọ́ọ̀bù wọn, tìtọ́ọ̀sì, kọ́tẹ̀, ṣáwà, pánla, gbogbo ẹ̀ ló wà níbẹ̀. Tí iná bá lọ lóru tí ọmọ tó ń sùn síbẹ̀ ò bá tètè tan jẹ́nẹ́, tàbí tí fírísà kan bá kàn ṣàdédé kú láìsọ fún ẹnikẹ́ni, òórùn ló máa kí wọn káàárọ̀. Ni wọ́n bá bi mí lọ́jọ́ kan pé, "Ìwọ tó o ní o mọ kọ̀ǹpútà, ṣé kọ̀ǹpútà ò lè jí mi ni?" Mo bá lọ ra Raspberry Pi kan, ìyẹn kọ̀ǹpútà kékeré kan, mo so sẹ́nsọ̀ DS18B20 mẹ́rin tó ń wọn bí nǹkan ṣe tutù sí mọ́ ọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú fírísà kọ̀ọ̀kan, mo wá kọ script bash kan, ìyẹn àkójọ àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń ṣe fúnra ẹ̀, tó ń lọ wo bí fírísà ṣe tutù sí ní ìṣẹ́jú márùn-márùn-ún. Ẹja dídì yẹ kó wà ní -18 lórí ìwọ̀n Celsius tàbí kó tutù jù bẹ́ẹ̀ lọ, tó bá ti ń gòkè bọ̀ kí script yẹn rán ímeèlì sí Àǹtí, sí èmi, àti sí brọ̀dá tó ń bá wọn ṣe ìṣirò owó. Ẹ má bi mí pé kí ló dé tí mi ò lo SMS, SMS lówó nínú, ímeèlì ò ná mi ju dátà tí-ń-tín lọ.

Nǹkan tó ń gbé ímeèlì yẹn jáde nínú ẹ̀rọ kékeré yẹn ni wọ́n ń pè ní msmtp. Òun ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀, pàápàá jù lọ lórí ọ̀rọ̀ priority, ìyẹn bí script ṣe máa sọ fún ẹni tó gba ímeèlì pé "eléyìí ò ṣe é fi sílẹ̀ di àárọ̀ o" tàbí "eléyìí, ẹ kà á nígbà tó bá wù yín".

msmtp fúnra ẹ̀ kò ní wàhálà. Ọ̀fẹ́ ni, Martin Lambers ló kọ ọ́, kò tóbi, kò sì mọ̀ ju iṣẹ́ kan ṣoṣo lọ: ẹ gbé lẹ́tà fún un, á gbé e fún server Gmail, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń pín lẹ́tà kiri, tàbí server yòówù tẹ́ ẹ bá ń lò, ó parí. Kì í gba lẹ́tà wọlé, kì í tọ́jú lẹ́tà sílẹ̀, kì í bi yín ní ìbéèrè. Ẹ kàn máa tẹ sudo apt install msmtp, ẹ óò ṣe fáìlì kan tó ń jẹ́ .msmtprc, ẹ kọ host (orúkọ server yẹn) síbẹ̀, port 587, tls on, orúkọ yín àti pásíwọọ̀dù. Ibi pásíwọọ̀dù yìí ló ti máa ń dá ọ̀pọ̀ èèyàn dúró, torí láti ìparí oṣù karùn-ún 2022 ni Gmail ò ti gba pásíwọọ̀dù tẹ́ ẹ fi ń wọlé lójoojúmọ́ lọ́wọ́ irú sọ́fítíwia báyìí mọ́, ẹ gbọ́dọ̀ tan ìdánimọ̀ ẹlẹ́ẹ̀mejì, kẹ́ ẹ wá gba app password tó jẹ́ lẹ́tà 16. Tẹ́ ẹ bá sì fi fáìlì yẹn sílẹ̀ ní gbangba tí ẹlòmíì lórí ẹ̀rọ lè kà á, msmtp máa yarí, kò ní rán nǹkan kan àfi tẹ́ ẹ bá ṣe chmod 600 sí i, kó jẹ́ ẹ̀yin nìkan lẹ lè kà á. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ mo bú u, báyìí mo ti rí i pé òun gan-an ló gbọ́n jù mí lọ.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí priority. Mo rò pé nǹkan kékeré ni. Mo ní wọ́n á ti fi option kan síbẹ̀, bóyá --priority tàbí --urgent, mo ṣí man msmtp, ìwé ìlò ẹ̀, mo kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, mi ò rí nǹkan tó jọ ọ́. Inú bí mi díẹ̀, ká má parọ́. Ó tó ọjọ́ méjì kó tó yé mi pé msmtp ò mọ nǹkan kan nípa priority, kò sì fẹ́ mọ̀, bẹ́ ẹ bá ṣe kọ lẹ́tà yín sílẹ̀ ló ṣe máa gbé e lọ. "Kíákíá" tẹ́ ẹ fẹ́ yẹn, ọwọ́ yín lẹ máa fi kọ ọ́ sórí lẹ́tà, nínú header, ìyẹn àwọn ìlà tó máa ń ṣíwájú ọ̀rọ̀ inú lẹ́tà, báyìí:

{
  printf 'To: %s\n' "$ENI"
  printf 'Subject: %s\n' "$AKORI"
  printf 'X-Priority: 1\n'
  printf 'Importance: high\n'
  printf 'MIME-Version: 1.0\n'
  printf 'Content-Type: text/plain; charset=UTF-8\n'
  printf 'Content-Transfer-Encoding: 8bit\n'
  printf '\n'
  printf '%s\n' "$ORO"
} | msmtp -t

Gbogbo ẹ̀ náà nìyẹn. -t tó wà níparí yẹn ń sọ fún msmtp pé kó lọ wo To fúnra ẹ̀ láti mọ ẹni tó máa gbé lẹ́tà fún.

Ẹ wo ìlà òfìfo tó wà láàárín header àti ọ̀rọ̀, printf '\n' yẹn. Ìlà yẹn ni ààlà. Ohunkóhun tó bá wà lókè ẹ̀, ti ẹ̀rọ ni, ohunkóhun tó bá wà nísàlẹ̀, ti èèyàn ni. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kọ ọ́, mo fi ìlà òfìfo kan sí abẹ́ Subject kó lè dáa lójú, mo wá kọ X-Priority sí abẹ́ ẹ̀. Lẹ́tà lọ, kò sí àṣìṣe kankan tí msmtp sọ fún mi, mo ti ń yọ̀. Ló bá di àárọ̀ ọjọ́ kejì, Àǹtí pè mí: "Ta ni X-Priority 1 tó wà lókè ìwé yìí? Ṣé oníbàárà tó jẹ wá lówó ni?" Mo rẹ́rìn-ín títí. Orúkọ yẹn ò sì kúrò lẹ́nu wọn mọ́ látọjọ́ yẹn.

Ẹ má jẹ́ kí nọ́ńbà yẹn náà tàn yín. 1 ló le jù, 3 ni ti ojoojúmọ́, 5 ló rọ̀ jù. Èmi rò pé 5 ló ga, bíi ti ìràwọ̀ márùn-ún tí wọ́n ń fún hòtẹ́ẹ̀lì, fún bí ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ ìròyìn aláràárọ̀ tó kàn ń sọ pé "fírísà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dáa" ló ń wọlé pẹ̀lú 1, ìkìlọ̀ gidi ló ń wá pẹ̀lú 5. Brọ̀dá oníṣirò tó ń lo Outlook ló ṣàkíyèsí ẹ̀, ó ní, "Àbúrò, kí ló dé tó jẹ́ pé ọjọ́ tí gbogbo nǹkan bá dáa ni ìwé yín máa ń ní àmì pupa lára, ọjọ́ tí nǹkan bá bàjẹ́ ẹ óò wá fi ọfà búlúù tó kọjú sílẹ̀ síbẹ̀?" Ojú tì mí.

Fún ẹni tó bá fẹ́ mọ bó ṣe jẹ́, kò sí ìwé àṣẹ kankan tó gbé X-Priority kalẹ̀, X iwájú ẹ̀ yẹn túmọ̀ sí pé àdáṣe ni, àmọ́ àwọn tó ń kọ sọ́fítíwia ímeèlì ti bá ara wọn lò ó títí ó fi di bárakú. Importance àti Priority lásán ló wà nínú ìwé ìlànà ayélujára tí wọ́n ń pè ní RFC, ìyẹn RFC 2156, oṣù kìíní 1998, wọ́n kọ ọ́ torí kí ímeèlì ayélujára àti ètò ìfìwéránṣẹ́ X.400 ayé ìgbà yẹn lè gbọ́ èdè ara wọn. Importance máa ń gba low, normal, tàbí high, Priority máa ń gba non-urgent, normal, tàbí urgent. Mo máa ń kọ X-Priority àti Importance pa pọ̀, torí ẹni tí kò bá gbọ́ ọ̀kan á gbọ́ èkejì. Ẹ óò tún rí ẹni kẹta lórí íntánẹ́ẹ̀tì, X-MSMail-Priority, gbogbo èèyàn tó ń kọ́ni ló ń ní kẹ́ ẹ fi sí i. Ẹ fi sílẹ̀ jàre. Ti àwọn sọ́fítíwia Microsoft ni, tí wọ́n bá sì fi í sí i wọ́n máa ń fi ẹnìkejì ẹ̀ tó ń jẹ́ X-MimeOLE tẹ̀ lé e, nítorí náà tí SpamAssassin, sọ́fítíwia tó ń dá spam (lẹ́tà tí ẹnikẹ́ni ò béèrè) mọ̀, bá rí ìkan láìrí ìkejì, á ní "ẹni yìí ń díbọ́n", á sì fi máàkì spam kún ti lẹ́tà yín. Ẹ ò ní torí pé ẹ fẹ́ kí wọ́n tètè ka lẹ́tà yín kẹ́ ẹ wá sọ ọ́ sínú àkìtàn.

Ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí jù ni pé ṣé tí mo bá fi 1 síbẹ̀ lẹ́tà yẹn á tètè dé ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ni. Rárá o. Ẹ rántí bá a ṣe máa ń fi ìwé rán awakọ̀ ní gáréèjì Ìwó Róòdù, ẹ kọ "KÍÁKÍÁ" gàdàgbà sẹ́yìn àpòòwé, ẹ fà á lé e lọ́wọ́, ṣé mọ́tò yẹn máa torí ẹ̀ sáré ni? Á ṣì dúró kó kún, á ṣì yà ra epo. Ẹni tó máa gba àpòòwé yẹn l'Ékòó ni "kíákíá" wà fún, òun ló máa rí i tó máa sọ pé ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ já eléyìí. Bí header yìí náà ṣe rí nìyẹn, server tí lẹ́tà ń gbà kọjá ò kà á sí. Òótọ́ ni pé ètò kan wà tó ń jẹ́ MT-PRIORITY, RFC 6710, ọdún 2012, tó jẹ́ pé àwọn server gan-an ló ń fi -9 dé 9 to lẹ́tà lẹ́sẹẹsẹ, àmọ́ irú ọ̀rọ̀ àwọn ológun àti ìgbà àjálù ni wọ́n ní lọ́kàn, ẹja ṣáwà ò sí nínú ètò yẹn.

Torí náà ibi tí gbogbo ọ̀rọ̀ pin sí ni fóònù tàbí kọ̀ǹpútà ẹni tó ń gbà á, ibẹ̀ gan-an lojú mi ti rí màbo. Lórí Outlook brọ̀dá, àmì pupa hàn rekete. Lórí Thunderbird tèmi, ó ń hàn tí mo bá ti tan òpó Priority nínú lísìtì lẹ́tà. Àǹtí tó jẹ́ pé torí wọn la ṣe ń ṣe gbogbo ẹ̀, app Gmail ni wọ́n ń lò lórí fóònù Android, kò sì sí nǹkan kan tó hàn níbẹ̀. Òfo. Gmail kì í fi X-Priority àti Importance han ẹni tó ń kàwé, ó ní àmì yẹ́lò tiẹ̀ tó fi ń sọ pé lẹ́tà yìí ṣe pàtàkì, òun fúnra ẹ̀ ló ń pinnu ìyẹn látinú bí olóhun ṣe ń ka lẹ́tà, ẹni tó ń ránṣẹ́ ò ní ẹnu nínú ẹ̀. Kódà filter Gmail, ìyẹn òfin tẹ́ ẹ fi ń ya lẹ́tà sọ́tọ̀, ò lè wá X-Priority; From, To, Subject, ọ̀rọ̀ inú lẹ́tà àti irú wọn ló mọ̀ ọ́n wá.

Ọgbọ́n tí mo wá dá rèé, tẹ́ ẹ bá ní ẹni tó ń lo Gmail ẹ gbé e lọ. Gmail máa ń gba àmì ròpọ̀ nínú àdírẹ́sì, tí àdírẹ́sì bá jẹ́ orúkọ@gmail.com, lẹ́tà tẹ́ ẹ bá fi ránṣẹ́ sí orúkọ+pajawiri@gmail.com máa dé ọ̀dọ̀ ẹni kan náà. Script mi wá ní To méjì: tí ọ̀rọ̀ bá le, ó ń rán an sí +pajawiri, tó bá jẹ́ ìròyìn aláràárọ̀, ó ń rán an sí +iroyin. Mo gba láptọ́ọ̀pù brọ̀dá, mo fi wọ inú Gmail Àǹtí, torí kò sí bẹ́ ẹ ṣe lè ṣe filter nínú app, mo ní gbogbo lẹ́tà tó bá lọ sí +pajawiri, Always mark it as important, èyí tó bá lọ sí +iroyin, Never mark it as important. Mo wá lọ sórí fóònù, ní Notifications, mo yan High priority only. Ó tán. Láti ìgbà yẹn, ìkìlọ̀ nìkan ló ń dún, ìròyìn aláràárọ̀ ń wọlé jẹ́jẹ́. Àwọn lẹ́tà míì tí Gmail bá rò pé ó ṣe pàtàkì náà ń dún o, àmọ́ ta ló ń kọ ímeèlì sí Àǹtí ní aago méjì òru? Mo ṣì ń fi X-Priority àti Importance sí i torí ti brọ̀dá, àfikún ìlà méjì ò pa ẹnikẹ́ni lára.

Ẹ wá gbọ́ bí mo ṣe fọwọ́ ara mi ba gbogbo ẹ̀ jẹ́. Sẹ́nsọ̀ DS18B20 yìí ní ìwà kan, tí iná bá ṣẹ́jú mọ́ ọn lára, tó kú tó sì tún jí, tẹ́ ẹ bá kà á kó tó wọn òtútù tuntun, 85 ló máa sọ fún yín. Wọn ò ṣe é láṣìṣe, nọ́ńbà tó máa ń wà nínú ẹ̀ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí nìyẹn, kódà ìdánwò tó ń sọ bóyá ohun tó kà péye á ṣì kọ YES síwájú ẹ̀. Mi ò mọ̀. Iná ṣẹ́jú lóru ọjọ́ kan, script ka t=85000, ó pín in sí 1000, ó bú ìkìlọ̀ jáde pẹ̀lú X-Priority 1: "Fírísà 3 ti dé 85". Fóònù Àǹtí dún, wọ́n pè mí ní nǹkan bí aago méjì òru, oorun ṣì wà lójú mi: "Ṣé wọ́n ń se ẹja nínú fírísà ni?" Mo ní n ò mọ̀, wọ́n rán ọmọ lọ wò ó, ẹja dì gbagidi. Ọ̀sẹ̀ yẹn nìkan, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni. Ní ìgbà karùn-ún wọ́n pa ohùn Gmail pátápátá, wọn ò sì sọ fún mi. Lọ́jọ́ tí fírísà 2 wá kú lóòótọ́ ńkọ́, ìkìlọ̀ mẹ́sàn-án ló lọ, gbogbo ẹ̀ pẹ̀lú 1, brọ̀dá rí i lórí Outlook ní aago mẹ́jọ àárọ̀ pẹ̀lú àmì pupa tó tò bí èèrà, ẹja ti rọ̀. Káàtọ̀nù ṣáwà mẹ́ta. Mo san ìdajì owó ẹ̀, wọ́n ní kí n má san án, mo san án.

Báyìí, tí script bá rí 85000 gééré, ó ń sọ ọ́ nù, ó ń ka ẹlòmíì. Fírísà gbọ́dọ̀ kọjá -12 lẹ́ẹ̀mẹta tẹ̀lé ara wọn kí lẹ́tà tó lọ pẹ̀lú 1. Lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́tà lásán ló ń lọ sí èmi nìkan, láìsí header priority kankan. Tí 1 bá sì ti lọ lórí fírísà kan, òmíì ò ní lọ lórí fírísà yẹn fún ìdajì wákàtí, kó má di pé a tún ń to èèrà. Ìròyìn aláràárọ̀ ló ń gba 5. Láàárín oṣù mẹ́fà tó kọjá, 1 tó lọ ò ju mẹ́rin lọ, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló jẹ́ òótọ́, Àǹtí sì ti tan ohùn padà.

Ọ̀rọ̀ àmì ohùn náà wà níbẹ̀ fún àwa tá à ń kọ Yorùbá. Tẹ́ ẹ bá kọ "Fírísà 2 ń gbóná" sí Subject bẹ́ẹ̀, msmtp ò ní tún un ṣe fún yín, á gbé e lọ bẹ́ ẹ ṣe kọ ọ́, àwọn kan máa rí i dáadáa, àwọn kan máa rí jágbajàgba. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni pé kẹ́ ẹ fi base64, tó ń fi lẹ́tà tí gbogbo ẹ̀rọ mọ̀ tún ọ̀rọ̀ kọ, dì í:

AKORI="=?UTF-8?B?$(printf '%s' 'Fírísà 2 ń gbóná' | base64 -w0)?="

Kò gbọdọ̀ ju lẹ́tà 75 lọ tẹ́ ẹ bá dì í tán, ẹ sì rántí pé tó bá ti di base64 ó máa ń gùn sí i, nítorí náà ẹ jẹ́ kí àkọlé kúrú. Ibí yìí gan-an ni mo ti máa ń ṣe ìlara àwọn tó ń lo Python, torí EmailMessage tiwọn ń ṣe gbogbo ìyẹn fúnra ẹ̀, wọ́n kàn máa kọ msg['X-Priority'] = '1', wọ́n ti lọ.

Mo ti gbìyànjú àwọn míì kí n tó fìdí mọ́ eléyìí. Mo kọ́kọ́ lo mail, àṣẹ tó wà lórí Linux látayébáyé, mail -a "X-Priority: 1", ó ṣiṣẹ́ lórí láptọ́ọ̀pù mi dáadáa, mo gbé e lọ sórí ẹ̀rọ míì, ó ní òun ò rí fáìlì tó ń jẹ́ "X-Priority: 1". Àṣé mail tó wà lórí ẹ̀rọ kan yàtọ̀ sí ti èkejì, fún ọ̀kan -a túmọ̀ sí "fi header kún un", fún èkejì tó jẹ́ s-nail ó túmọ̀ sí "so fáìlì mọ́ ọn". Orúkọ kan náà, ìwà méjì, mi ò lè gbé ẹja Àǹtí lé irú ẹ̀ lọ́wọ́. Lórí Windows, PowerShell ní Send-MailMessage pẹ̀lú -Priority High, òun ló rọrùn jù nínú gbogbo wọn láti lò, àmọ́ Microsoft fúnra wọn ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó ti di ohun àtijọ́, pé kò dá àwọn lójú pé ó ń dáàbò bo ọ̀nà tí lẹ́tà ń gbà. PHPMailer náà ní Priority tiẹ̀, tẹ́ ẹ bá fún un ní 1 á kọ X-Priority, àmọ́ kò ní kọ Importance, ẹ̀yin lẹ máa fi addCustomHeader kọ ìyẹn. Tó bá jẹ́ pé PHP lẹ ń kọ tẹ́lẹ̀, ó dáa, ẹ má wulẹ̀ sá wá sí msmtp torí mi.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù lára msmtp ni logfile ẹ̀. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ìlà kan: ọjọ́, aago, server tó gbé e fún, ẹni tó gbé e lọ fún, bí lẹ́tà ṣe tóbi tó, smtpstatus=250, exitcode=EX_OK, ìyẹn ni pé lẹ́tà ti lọ dáadáa. Lọ́jọ́ tí ẹja bàjẹ́ yẹn, ohun tí mo kọ́kọ́ rò ni pé ìkìlọ̀ ò lọ, mo ti fẹ́ máa bú netiwọ́ọ̀kì, mo ṣí log, mo rí EX_OK mẹ́sàn-án, aago wà níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹnu mi wọhò.

Ohun tí mi ò fẹ́ràn: kì í tọ́jú lẹ́tà. Tí netiwọ́ọ̀kì ò bá sí lásìkò tẹ́ ẹ ránṣẹ́, á sọ fún yín pé òun ò rí ọ̀nà, á dá yín lóhùn pẹ̀lú nọ́ńbà tí kì í ṣe òdo, lẹ́tà á sì ṣòfò àyàfi tẹ́ ẹ bá ṣe nǹkan kan sí i. Ẹ sì wò ó, ìgbà tí iná bá lọ gan-an ni ráúta náà máa ń kú, ìgbà yẹn náà la nílò ìkìlọ̀ jù. X-Priority 1 tó wà lórí lẹ́tà tí kò kúrò nílé, kí ló fẹ́ ṣe? Script kan wà tó ń jẹ́ msmtpq tí wọ́n fi ń to lẹ́tà sílẹ̀ títí netiwọ́ọ̀kì á fi dé, mo lò ó, àmọ́ ó kàn ń tò wọ́n bí wọ́n ṣe ń wọlé ni, kò wo 1 kò wo 5, ìròyìn àná lè ṣíwájú ìkìlọ̀ òní. Mo wá kọ tèmi, fódà méjì, kiakia àti jeje, script ń kọ́kọ́ tú kiakia tán kó tó kan jeje. Ohun tó tún tún nǹkan ṣe jù ni pé mo gbé ráúta àti Raspberry Pi sórí bátìrì kékeré kan, ó lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún náírà, ó sì tó o.

Tí wọ́n bá ní kí n fún un ní máàkì, mẹ́rin nínú márùn-ún, ẹyọ kan tí mo yọ jẹ́ ti lẹ́tà tí kì í tọ́jú. Ti priority tí kò ní option tiẹ̀, mo ti dárí jì í. Ẹni tí kò bá fẹ́ fọwọ́ kọ header, ẹni tí ìlà òfìfo kan máa bí nínú, kó má lọ síbẹ̀, Python á rọ̀ ọ́ lọ́rùn.

Àǹtí ò mọ nǹkan tí wọ́n ń pè ní msmtp di òní. Àmọ́ tí mo bá pè wọ́n láàárín òru báyìí, kí n tó kí wọn tán, wọ́n á ti bi mí pé, "Ṣé ìkan ni àbí márùn-ún?" Tí mo bá ti ní márùn-ún ni, wọ́n á já fóònù mọ́ mi létí.